Akin, jọ̀ọ́ má tíì sanwó ọkọ̀ yẹn tán

Akin ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Houston, ṣé ooru ò tíì pa yín níbẹ̀? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa wà níbí o, a dúpẹ́, màmá ẹ ti ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò ẹ obìnrin ti mú ọkọ wálé, oṣù Kejìlá ni wọ́n ń sọ, òun fúnra ẹ̀ á pè ẹ́. Fọ́tò ọkọ̀ akẹ́rù tá a jọ fẹ́ rà tó o fi ránṣẹ́ ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí látìgbà tí mo ti rí i, oorun ò kùn mí dáadáa.

Ọkọ̀ náà rẹwà, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo fa fọ́tò yẹn tóbi, mo wo ibi tí wọ́n kọ ẹ́ńjìnnì sí, V6 ni, oní-sílíńdà mẹ́fà, tó ní tọ́bò méjì, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Akin! Kòkó la fẹ́ fi kó o, láti inú àwọn abúlé Àtakúnmọ̀sà wá sí Iléṣà, kì í ṣe ọkọ̀ òde ìnáwó. Ṣó o rántí bàbá onípákó tó lé wa jáde lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ jákì yẹn? Àwọn náà ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ò kàn wá. Wọ́n kó pákó láti Ìpetu, wọ́n dé òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín búlúù, ló bá sọ agbára nù, wọ́n fà á wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tí mo tú tọ́bò ẹ̀, mo di ọ̀pá àárín ẹ̀ mú, ó ń mì lọ mì bọ̀ lọ́wọ́ mi, abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀ ti ya létí bí eyín arúgbó, ọ́ìlì sì ti jóná dì mọ́ ihò tín-ínrín tó yẹ kí ọ́ìlì tuntun máa gbà wọlé. Bàbá dúró tì mí, wọn ò sọ̀rọ̀. Iye tí wọ́n pe tọ́bò òmíràn fún wọn ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ l'Ékòó, kí Ọlọ́run má jẹ́ a rí irú ẹ̀.

Nǹkan tó ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tó jẹ́ èéfín gbígbóná ló ń yí i, tó sì jẹ́ ọ́ìlì ló gbé e dúró, ó fẹ́ ọ́ìlì gidi, ó fẹ́ fìlítà gidi. O mọ ọ́ìlì tí wọ́n ń tà fún wa níbí. O sì mọ eruku ọ̀nà oko.

Mo mọ ohun tó o máa sọ, wàá ní ẹ́ńjìnnì lítà 3.5 oní-tọ́bò ti Ford tó wọ F-150, akẹ́rù kékeré wọn, ní 2011, agbára ìfà ẹ̀ ti dé 500 lb-ft (òṣùwọ̀n agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí), tí V8 (oní-sílíńdà mẹ́jọ) lítà 7.3 tiwọn tí ò ní tọ́bò sì jẹ́ 475 péré nígbà tó jáde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí Ford fúnra wọn ò fi 3.5 yẹn sínú Super Duty, akẹ́rù ńlá wọn, rí? Ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ pé ẹrù ló máa gbé látàárọ̀ dalẹ́, 7.3 ni wọ́n ṣe fún un ní 2020, irin pọ́ńbélé ni ara ẹ̀, káàmù kan ṣoṣo, irin tó ń ṣí fáàfù, wà nínú ikùn ẹ̀, ẹ̀yìn fáàfù ló ń wọ́n fúẹ́ẹ̀lì sí, tó fi jẹ́ pé fúẹ́ẹ̀lì ló ń fọ fáàfù mọ́. GM, àwọn tó ń ṣe Chevrolet, náà kúrò lórí 6.0, wọ́n bọ́ sí 6.6 lọ́dún kan náà. Ẹ́ńjìnnì tí ikùn ẹ̀ tóbi á fa afẹ́fẹ́ tó tó fún ara ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tì í nídìí. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí wọ́n máa ṣe é fún ọkọ̀ akẹ́rù, ńlá àti kékeré. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn kékeré yìí, torí àwọn ló ń pọ̀ nínú tokunbọ̀ tó ń bọ̀ wá bá wa. Toyota yọ 5.7 kúrò nínú Tundra ní 2022, wọ́n fi V6 3.4 oní-tọ́bò méjì rọ́pò ẹ̀, nígbà tó fi máa di 2024 wọ́n ti ń pe bí ọkọ̀ 102,000 padà láti tún un ṣe torí èérún irin tó ṣẹ́kù sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Mo mọ̀ pé òfin ìjọba Amẹ́ríkà lórí iye epo tí ọkọ̀ ń jẹ, tó ti wà láti 1975, ló lé wọn débẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ tí ò gbẹ́rù ni wọ́n fi ń díwọ̀n nǹkan yẹn, àwa sì nìyí, ẹrù la fẹ́ gbé.

Kí n má baà gbè sẹ́yìn ẹnì kan, V8 6.2 ti GM náà ò ní tọ́bò, síbẹ̀ ní 2025 èyí tí wọ́n pè padà lọ́dọ̀ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600,000, ọ̀rọ̀ kíráǹkì, irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, àti bẹ́ríǹ. Bí wọn ò bá ṣe é dáadáa, títóbi ò ní gbà á là.

Epo ńkọ́? Ìyàwó mi ò yéé bi mí. Láti 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti ní ìrànwọ́ orí epo ti lọ, gbogbo ẹni tó ní V8 ló ń sunkún, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n oní-tọ́bò náà ń mu tẹ́rù bá ti wà lẹ́yìn ẹ̀, bó ṣe ń ti afẹ́fẹ́ wọlé bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ẹ̀ ń da fúẹ́ẹ̀lì lé e kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ òfìfo lọ sí Ìbàdàn ló ń jèrè ẹ̀. Má sì dá oní-dísẹ́ẹ̀lì lábàá o, púpọ̀ nínú àwọn tó jáde lọ́dọ̀ yín láti 2010 ń lo DEF, omi tí wọ́n ń rọ sínú ọkọ̀ láti fọ èéfín ẹ̀ mọ́, wọ́n sì ní fìlítà èéfín, tá ló fẹ́ máa wá DEF kiri Ìsòkun?

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Tó bá jẹ́ owó àsansílẹ̀ nìkan lo ti san, jọ̀ọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n dá a padà, kó o wá Tundra 5.7 fún wa, 2014, 2015, bó ti wù kó rìn tó. Dùbúlẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ fúnra ẹ, tó bá jẹ́ ìlú oníyìnyín ló ti wá, iyọ̀ ojú títì á ti jẹ férémù ẹ̀, fi í sílẹ̀. Tówó ò bá tó, jẹ́ ká dúró títí kòkó míì á fi jáde, mo fara mọ́ ọn. Akin, owó tí mo fi síbẹ̀ yẹn, àjọ ìyàwó mi wà nínú ẹ̀, èyí tó fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìlọta. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá ọkọ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi.

Tó o bá sì ti san gbogbo ẹ̀, sọ fún mi, mi ò ní bá ẹ jà, kí n ṣáà lè tètè mọ ohun tí mo máa wí nílé. Pè mí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ tiwa, ìgbà yẹn ni iná máa ń dé tí fóònù mi á níná nínú.

Èmi ni,
Délé