Àyìnkẹ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó jáde

Àyìnkẹ́ mi,

Mo gbọ́ pé ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ fi odindi ọjọ́ kan rìn yíká ìlú, bẹ́ẹ̀ owó ọwọ́ yín ò pọ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti jọ sọ iye tí kálukú lè ná?

Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jáde báyìí. Owó ọkọ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sọ, èmi náà ò bi í. Ibikíbi tí mo bá ní ká wọ̀, á ní kò wu òun. Mo di kùnrùngbùn sínú títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mo rò pé ìgbéraga ni. Nítorí náà, ẹni tówó rẹ̀ kéré jù nínú ẹ̀yin méjèèjì, tirẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n. Bí o bá sì san nǹkan fún un, má ṣe sọ ọ́ kiri.

Ibi méjì ti tó fún ọjọ́ kan: kí ìwọ mú ọ̀kan, kí òun mú ọ̀kan. Ibi tó dára tí kì í gbowó pọ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ British Museum ní London. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Staten Island ní New York ò gbowó lọ́wọ́ èrò láti 1997, bí ìṣẹ́jú 25 ló ń gbà, ẹ ó sì máa wo Statue of Liberty lọ lórí omi. Irú rẹ̀ ni kí ẹ wá. Àmọ́ ẹ wádìí ọjọ́ tí wọ́n ń tì o! Ọjọ́ Ajé ni ọ̀pọ̀ musíọ́ọ̀mù ń sinmi. Louvre ní Paris, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tiẹ̀.

Má wọ bàtà tuntun. Èyí tó ti mọ ẹsẹ̀ rẹ ni kí o wọ̀, kódà bí kò bá dáa nínú fọ́tò. Ẹ gbé omi dání. Kí o sì ti gba máàpù sórí fóònù látilé, kó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà.

Bó bá rẹ̀ yín, ẹ jókòó, kì í ṣe ìjókòó ẹni tó ń kánjú o. Ẹ wá bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, kí ẹ máa wo àwọn tó ń kọjá. Bí ibi kejì bá tibẹ̀ bọ́, kó bọ́. Orí irú bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ti wá sọ òótọ́ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Pè mí tí o bá délé. Má kàn fi fọ́tò ránṣẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ