Ẹ Wo Kẹ́ńyà Kí Ẹ Tó Di Kọ̀ǹpútà Sínú Kọ̀nténà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín ni àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, àti ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò láti kó kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí ilé-ìwé nílé. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é dá dúró mọ́, nítorí pé Microsoft ti dáwọ́ àbójútó Windows 10, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, dúró lóṣù kẹwàá ọdún 2025. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni kò lè gba Windows 11, ọ́fíìsì tó ni wọ́n á sì fẹ́ palẹ̀ wọn mọ́. Ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ nírú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston á rántí ilé-ìwé tó ti jáde, pé wọn kò ní ẹyọ kan níbẹ̀. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n kí a tó di ẹrù, ẹ jẹ́ kí a wo orílẹ̀-èdè kan tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ìyẹn Kẹ́ńyà.

Ohun tí mo rí kọ́ lára wọn ni pé kọ̀ǹpútà tó dé ilé-ìwé kò tíì di ẹ̀kọ́. Olùkọ́, iná, àtúnṣe, àti ohun tí a kó sínú ẹ̀rọ náà ló ń sọ ọ́ di ẹ̀kọ́, àwọn wọ̀nyí gan-an ni ọ̀pọ̀ olùfúnni kì í sì í dá owó sí.

Ọdún 2002 ni wọ́n dá àjọ kan tó ń jẹ́ Computers for Schools Kenya sílẹ̀ ní Nairobi. Wọ́n ń gba kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ àti ọ́fíìsì ti lò, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì ń gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Àjọ Camara tí àwọn ará Ireland dá sílẹ̀ ní 2005 ṣe irú iṣẹ́ kan náà láti Mombasa, ìlú etíkun, àjọ Computer Aid náà sì kó tiwọn wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú gbogbo wọn, ìlànà àwọn ti Nairobi ló wù mí jù. Wọn kì í gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ kí wọ́n sì máa lọ. Wọ́n ń dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe, bí ẹ̀rọ bá sì kú pátápátá, wọ́n ń gbà á padà. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni WEEE Centre ti jáde, ibùdó tí wọ́n ti ń tú òkú ẹ̀rọ palẹ̀, tí wọ́n ń ya irin, bàbà àti ike sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn èèyàn wa kì í sábà ronú dé ibi òkú ẹ̀rọ yìí. Ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́, irú èyí tó yọ ìkùn sẹ́yìn, ní òjé nínú gíláàsì rẹ̀. Bí àwọn tó ń ṣa pàǹtí bá sun wáyà láti yọ bàbà inú rẹ̀, èéfín olóró ni àwọn ọmọdé àdúgbò ń fà símú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, àdéhùn Basel tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí ti sọ ọ́ di dandan pé kí ìlú tí wọ́n fẹ́ kó òkú ẹ̀rọ lọ kọ́kọ́ gbà kí ọkọ̀ tó gbé e. Nítorí náà, ẹni tó bá di kọ̀ǹpútà tí kò tàn mọ́ àwọn tó ń tàn, pàǹtí ló ń kó ránṣẹ́ sí ìlú bàbá rẹ̀. Kí wọ́n tan ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lókè òkun, kí wọ́n yọ àwọn tí bátìrì wọn ti wú, kí wọ́n sì nu gbogbo ohun tí ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ kó pamọ́ sínú rẹ̀.

Ìjọba Kẹ́ńyà náà kó sí i. Nígbà ìdìbò ọdún 2013, Uhuru Kenyatta tó ń du ipò ààrẹ, àti igbákejì rẹ̀, William Ruto, ṣèlérí kọ̀ǹpútà alágbèéká fún gbogbo ọmọ tó bá wọ kíláàsì kìíní ní ilé-ìwé ìjọba. Wàhálà lórí ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà ṣe dé ilé-ẹjọ́, ètò sì falẹ̀. Nígbà tó fi máa bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ó ti di tábúlẹ́ẹ̀tì. Yunifásítì Moi àti yunifásítì Jomo Kenyatta, pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, ni wọ́n gbéṣẹ́ náà fún, ẹ̀rọ tó lé ní mílíọ̀nù kan ló sì dé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lé ní 20,000. Olùkọ́ gba kọ̀ǹpútà alágbèéká, ilé-ìwé sì gba ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri.

Lójú tèmi, iná ló jẹ́ èrè tó tóbi jù nínú ètò yẹn. Tábúlẹ́ẹ̀tì kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí iná kò sí, ni wọ́n bá fa iná mànàmáná tàbí kí wọ́n gbé páńẹ́ẹ̀lì oòrùn lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-ìwé tí kò ní iná rí. Bí gbogbo tábúlẹ́ẹ̀tì bá tilẹ̀ bàjẹ́ tán, ìyẹn nìkan ti tó ohun tí a ń dúpẹ́ fún.

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú àpótí ni àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì náà jókòó sí, ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, tí wọ́n ti kọ́kọ́rọ́ pa. Ẹ má bá ọ̀gá náà wí. Bí olè bá kó o, òun ni wọ́n máa bi. Bí ọmọ bá fọ́ ojú rẹ̀, kò sí owó tí wọ́n fi máa tún un ṣe. Ẹni tí ẹ̀rù àtisan owó ẹ̀rọ ń bà kò ní jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án, èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ orí mi ni wọ́n fi ṣe onídùúró. Nítorí náà, kí ẹni tó ń fúnni kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba gbàǹgbà pé ẹ̀rọ tí ọmọ bá bàjẹ́ níbi ẹ̀kọ́ kì í ṣe gbèsè olùkọ́, kó sì fi owó ilẹ̀kùn irin àti ọdẹ tì í.

Ẹ wá wo apá kejì ọ̀rọ̀ yìí. Ní abúlé Pwani ní agbègbè Nakuru, ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ni ní ìṣirò àti físíìsì, Peter Tabichi, ọ̀kan nínú àwọn ará Franciscan nínú ìjọ Àgùdà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama Keriko ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ní 2019. Ọ̀dá máa ń dá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ló jẹ́ ọmọ aláìní tàbí ọmọ òrukàn, àwọn kan ń rìn jìnnà kí wọ́n tó dé kíláàsì. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ilé-ìwé náà ní nígbà náà, íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ń wá, ó ń lọ. Kí ni Tabichi ṣe? Ó ń lọ sí káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń gba ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ lò sílẹ̀, ó ń gbé e padà wá sí kíláàsì, ó sì ń fi kọ́ wọn láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un ló ń fi ran àwọn tí kò ní lọ́wọ́. Ní 2019, wọ́n fún un ní Global Teacher Prize ní Dubai, mílíọ̀nù kan dọ́là, pé òun ni olùkọ́ tó tayọ jù lọ lágbàáyé lọ́dún náà. Lọ́dún kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé rẹ̀ yege láti lọ fi iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì wọn hàn níbi ìdíje àgbáyé ní Arizona, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo! N kò sọ pé kí a fi olùkọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan o. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá fún irú ọkùnrin yìí ní ogún, ogún náà ló máa ṣiṣẹ́. Bí a bá sì kó igba fún ilé-ìwé tí kò ní irú rẹ̀, ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ ni ọjọ́ ìkẹyìn tí gbogbo wọn máa jọ tàn.

Ohun tí Tabichi ń fẹsẹ̀ rìn lọ gbà, ẹ̀rọ kékeré kan lè gbà á pamọ́ sí ilé-ìwé báyìí. Raspberry Pi ni wọ́n ń pè é, kò fẹ̀ ju káàdì ATM lọ, iná tó ń jẹ kò tó nǹkan. Ètò kọ̀ǹpútà méjì kan wà tó ń jẹ́ Kiwix àti Kolibri: a lè fi Kiwix kó odidi Wikipedia, ìwé ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, sínú rẹ̀, kí a fi Kolibri kó fídíò ẹ̀kọ́ àti ìdánrawò sí i. Ẹ̀rọ náà á wá máa pèsè Wi-Fi tirẹ̀ nínú kíláàsì, tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí kọ̀ǹpútà tó bá wà nítòsí á máa ṣí i wò, láìra dátà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Nairobi, BRCK, gbé irú èrò yìí síwájú ní 2015: wọ́n to tábúlẹ́ẹ̀tì ogójì sínú àpótí líle kan tí wọ́n pè ní Kio Kit. Bí ọmọ bá ti dá tábúlẹ́ẹ̀tì padà sí àyè rẹ̀, iná ń wọ̀ ọ́ láìfi wáyà kankan sí i. Olùkọ́ tó bá ti wá ṣájà tó sọnù rí á mọ̀ pé ẹni tó ronú èyí ti wọ kíláàsì gidi. Lóòótọ́, Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ojú sánmà wá, ti dé Kẹ́ńyà láti 2023, íntánẹ́ẹ̀tì sì lè dé abúlé tí kò dé tẹ́lẹ̀. Ta ló máa san owó oṣooṣù rẹ̀ nígbà tí olùfúnni bá ti padà sílé?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣírò iná náà kí ẹ tó yan ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ kan pẹ̀lú ojú rẹ̀ lè jẹ wáàtì 100. Ogún rẹ̀ di 2,000, kò sì sí páńẹ́ẹ̀lì kékeré tó máa gbé ìyẹn. Alágbèéká kan ń jẹ nǹkan bíi 30, ogún rẹ̀ di 600, ó sì ní bátìrì tirẹ̀ tí iná bá lọ. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, nítorí iná fólítì 120 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ti Kẹ́ńyà jẹ́ 240, tiwa náà sì sún mọ́ ọn. Fún àwọn kọ̀ǹpútà Windows 10 tí mo sọ, Linux, ètò tó lè rọ́pò Windows, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ṣì ń gba àbójútó, ó sì máa ń fún ẹ̀rọ tó ti dàgbà lókun.

Mo fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń yọ̀ǹda ara wọn náà sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ń ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lọ sí Kẹ́ńyà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà ìsinmi, wọ́n ń to kọ̀ǹpútà, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń tẹ̀wé. Mo kí wọn. Àmọ́ olùkọ́ ni kí wọ́n jókòó tì jù, nítorí òun ló máa wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ, kí wọ́n sì kọ́ ju ẹyọ kan lọ nínú ilé-ìwé kan náà. Ní 2018 ni TSC, àjọ tó ń gba olùkọ́ síṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé àti olùkọ́ kúrò ní agbègbè wọn lọ sí ibòmíràn. Tiránsífà kò ṣàjèjì sí àwa náà níbí. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ẹnì kan ṣoṣo tó mọ pásíwọ́ọ̀dù lọ, yàrá kọ̀ǹpútà ti di yàrá ìkẹ́rùsí nìyẹn.

Àwọn ará Kẹ́ńyà ní àṣà kan tó yẹ kí ó tètè yé wa. Harambee ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà òmìnira ní 1963 ni Jomo Kenyatta, olórí ìjọba wọn àkọ́kọ́, ti fi ṣe ìpè fún gbogbo ìlú, pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama wọn ló jẹ́ owó àwọn ará ìlú ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹni tó ti Iléṣà wá kò ní béèrè ìtumọ̀, nítorí Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Kọ̀ǹpútà tí àwọn òbí ti bá wọn dá owó àbójútó rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, kì í ṣe ohun àlejò mọ́. Wọ́n á bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé.

Àwa náà ní tiwa láti yẹ̀ wò. Ọdún 2013 kan náà tí wọ́n ṣèlérí ní Kẹ́ńyà ni Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde ní Ọ̀ṣun fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, wọn kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti kà á. Ọgbọ́n gidi ló wà nínú ìyẹn, ó sì yẹ kí ẹnì kan kọ ìtàn rẹ̀ dáadáa fún àwọn tó ń bọ̀: èwo ló ṣiṣẹ́, èwo ni kò ṣiṣẹ́, kí ni àwọn ọmọ tó lò ó sọ.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí. Bí ẹgbẹ́ kan bá pè yín wá síbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà lé ilé-ìwé lọ́wọ́, ẹ lọ, ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ gbé e jáde. Ẹ wá kọ déètì náà sílẹ̀, kí akọ̀ròyìn yín padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kó bèèrè kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, kó sì ka iye tó tàn. Ẹgbẹ́ tó bá sì ti kó kọ̀ǹpútà wá ní 2022 tàbí ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n kọ̀wé sí yín lórí iye tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí, àti orúkọ iṣẹ́ ẹni tó ń tún un ṣe.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan, Òṣogbo.