Àjàní, Fúláwà Kọ́ Ni

Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.

Àjàní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò pọ̀ jù? Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti gbóhùn rẹ gbẹ̀yìn. Owó ilé ìwé Bùkọ́lá tí o ní o máa fi ránṣẹ́ kò tíì dé, mo ti bá wọn san ìdajì. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì.

Àwọn tí wọ́n wá bá ọ ṣe Kérésì ní Manchester ti padà dé. Wọ́n ní ẹ̀rọ géèmù tuntun, Nintendo Switch 2, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, àti pé géèmù ọkọ̀ kan ṣoṣo, Mario Kart World, pọ́n-ùn 75 lo rà á. Àjàní, ṣé o ti jẹ gbèsè ni?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bi ọ́ ìdí tí géèmù fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀, o ní, "Màámi, owó tí wọ́n fi ń ṣe é ló pọ̀, ẹ má bínú." O sì pa fóònù. Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Káyọ̀dé àbúrò rẹ. Ó jókòó tì mí lẹ́bàá ààrò títí búrẹ́dì fi jinná, ó ń ṣàlàyé. Ó ní o ò parọ́. Ó ní géèmù kan, The Last of Us Part II, tó jáde ní 2020, 220 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ná láti ṣe é. Ó ní láti nǹkan bí ọdún 2005 ni géèmù ńlá ti wà ní 60 dọ́là ní Amẹ́ríkà, kò sì di 70 títí di 2020, kó tó wá di pé ilé iṣẹ́ Nintendo pe Mario Kart yìí ní 80 ní 2025. Mo gbà. Ẹni tó ń tajà fún ọdún 15 láìfi kọ́bọ̀ lé e, ara rẹ̀ ló ń jẹ.

Àmọ́ ó tún sọ ti géèmù Spider-Man kejì, ti 2023. Nǹkan bí 300 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ná sí i, ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Ìwé inú ilé iṣẹ́ tó ṣe é jò síta, àwọn tó ṣe é sì ń bi ara wọn níbẹ̀ bóyá ẹni tó ń gbá géèmù náà lè rí i pé owó tí wọ́n ná sí i ti di ìlọ́po mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́ta péré ní Ọsirélíà fi bí ọdún méje ṣe géèmù Silksong, 20 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Ní 2025 kan náà, ilé iṣẹ́ Microsoft ní òun máa ta géèmù The Outer Worlds 2 ní 80. Àwọn oníbàárà pariwo, oṣù mẹ́ta ò pé tó fi padà sí 70. Owó tí wọ́n ti ná kò dín o.

Ibẹ̀ ni mo ti dákẹ́. Káyọ̀dé rò pé oorun ló ń kùn mí.

Rántí ọdún 2023, nígbà tí náírà já wálẹ̀. Mo fi owó lé búrẹ́dì lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ kọ iye tuntun sára páálí iwájú ìsọ̀. Màmá arúgbó tó máa ń ra kékeré láràárọ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ wò ó, ó tú owó tó so mọ́ etí ìró rẹ̀, ó kà á, ó tún un so padà. Mo ní, "Màmá, fúláwà ló wọ́n." Àjàní, báàgì mọ́kànlá tí mo rà ní iye àtijọ́ ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà. Fúláwà kọ́ ni. Gbèsè ni. Mo yá owó èlé láti ra ààrò ńlá yẹn, nítorí pé ti ìsọ̀ kejì tóbi ju tèmi lọ. Búrẹ́dì tó ń jáde nínú rẹ̀ kò dùn ju ti àtijọ́. Àwọn tó ń ra búrẹ́dì ni mo wá di ẹrù náà rù. Màmá yẹn kò yà mọ́.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní owó tí òun ná ló sọ ọjà òun di ọ̀wọ́n, mo máa ń fẹ́ mọ ohun tó ná an sí, àti ẹni tó rán an níṣẹ́. Ìwọ náà máa bi wọ́n. Ìwọ kọ́ lo ní kí wọ́n ra ààrò ńlá.

Géèmù fúnra rẹ̀ kọ́ ni mo ń bá ọ jà sí, olówó orí mi. Bàbá rẹ máa ń ta ayò lábẹ́ igi máńgòrò títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mo sì ń bá a jà lójoojúmọ́. Bí mo bá rí i níbẹ̀ lónìí, oúnjẹ ni mo máa gbé lọ bá a. Máa ṣeré rẹ. Kí o sáà máa fi owó ọwọ́ rẹ rà á, kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ń ní kí o rà báyìí, kí o máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ti jẹ gbèsè? Mo ń béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí pé ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi í pa mọ́. Mo jẹ́ kí o wọ bàálù lọ láìmọ̀ pé ilé tí o fi sílẹ̀ wà lọ́wọ́ olówó èlé. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ.

Pè mí lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Bí gbèsè bá wà, sọ iye rẹ̀ fún mi, bó ti wù kó pọ̀ tó. Tèmi ku 340,000 náírà. Káyọ̀dé gan-an ò tíì mọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.