Ẹ̀wà Ọjà Kọ́ Ló Yẹ Ká Máa Gbìn

Sí Olóòtú,

Mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde kí àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀wà òjò àrọ̀kúrò. Púpọ̀ nínú wa ló ń ra ẹ̀wà jíjẹ ní kóńgò lọ́jà, tí a sì ń gbé e lọ sóko ní tààrà, nítorí pé irúgbìn tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n sì fi lébẹ̀lì sí wọ́n jù ú lọ. Oko ni a ti ń san ìyókù owó náà.

Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ẹ̀wà ọjà kí ẹ wò ó dáadáa: ẹ óò rí ihò roboto tí kòkòrò gbà jáde, àti ẹyin funfun wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ èèpo. Ìdin inú rẹ̀ ti jẹ nínú oúnjẹ tí ẹ̀wà ì bá fi hù, nítorí náà, èyí tó bá tilẹ̀ hù kì í lágbára. Àrùn kan tó ń sọ ewé di kàlákìní a sì tún máa bá irúgbìn wọ oko, tí àwọn kòkòrò tó ń fa omi ara ewé yóò máa gbé e kiri.

Ibi tí irúgbìn ti wá náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀pọ̀ ẹ̀wà ìbílẹ̀ òkè Ọya kì í yọ òdòdó àfi tí ọ̀sán bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, bẹ́ẹ̀ sì ni òjò ọ̀hún àti tiwa kò dọ́gba. Ẹ tún wo Striga, èpò tó ń fa oúnjẹ láti gbòǹgbò ẹ̀wà: irú ẹ̀wà kan láti Botswana tí wọ́n ń pè ní B301 kò gbà fún un ní ibi púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n ẹ̀yà èpò náà tó wà ní Zakpota, ní orílẹ̀-èdè Benin, borí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbin èyí tó tọ́jú fúnra rẹ̀, kí ó ṣa èyí tó nihò kúrò, kí ó gbin 100 sínú yanrìn, kí ó sì kà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí èyí tó hù kò bá tó 80, kí ó wá òmíràn.

N kò dá àgbẹ̀ lẹ́bi, nítorí pé àpò ńlá ni irúgbìn tó dára sábà máa ń wà, ó sì máa ń jìnnà. Mo rọ ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn oníṣòwò irúgbìn pé kí wọ́n dì í ní kìlò kan àti méjì, kí wọ́n sì gbé e dé ọjà abúlé kí òjò tó dé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Àgbẹ̀ kan ní Ìsẹ́yìn