Ẹ Má Sùn Lójú Fèrèsé

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Òkè-Fìà, ní Àlékúwodò, ní Òkè-Baálẹ̀, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ ti gbé lọ sí Èkó àti Àbújá tí ẹ ṣì ń pe Òṣogbo ní ilé, mo kí yín ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ìlú le, mo mọ̀. Gaàrí tí ìyá yín ń rà ní Ìgbọ̀nà, ibẹ̀ náà lèmi ti ń rà á.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mi ò rí oorun sùn bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ ọmọ mi bá mi tẹ lẹ́tà yìí sórí fóònù.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ pa ẹnu mọ́. Òun ló ń tẹ dùùrù fún wa. Tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń kọ́kọ́ yà kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fi ṣe akápò. Wọ́n dá owó jọ láti ra jẹnẹrétọ̀, owó náà di ₦340,000, inú àkáǹtì rẹ̀ ni wọ́n sì kó o sí, torí kò sí ẹni tó lè fi ọkàn rò ó sí i. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ ra jẹnẹrétọ̀, kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ó ti fi ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tán. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Oṣù mẹ́rin ló fi ta á, ẹgbẹ̀rún méjì lónìí, ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ́la. Òru ọjọ́ tí wọ́n bi í léèrè ló kúrò nílé. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́.

Ohun tó ń gbà mí lóorun ni pé ọmọ yìí kò pa ìsìn kan jẹ. Ó wà ní ìṣọ́ òru gbogbo. Ó bá wa gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ètè rẹ̀ gbẹ bíi tàwa yòókù. Ìka tó fi ń tẹ orin fún wa láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni ó fi ń tẹ tẹ́tẹ́ lálẹ́. Kò jáde kúrò nínú ìjọ kó tó ṣubú. Àárín wa gan-an ló ti ṣubú, a sì ń kọrin lọ.

Ẹ rántí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jẹ́ Eutiku, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20. Troasi ló ti ṣẹlẹ̀. Èmi kì í gbàgbé pé Bíbélì sọ ọ́ gbangba pé fìtílà púpọ̀ wà nínú yàrá òkè náà. Kò sí òkùnkùn níbẹ̀ rárá. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló ń wàásù, kì í ṣe oníwàásù kékeré. Ìsìn ń lọ, iná ń tàn, ọmọ náà sì sùn lọ lójú fèrèsé, ó ti òkè kẹta já bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé e ní òkú. Ìgbà tí mo wà léwe, mo rò pé ìtàn ẹni tí ìwàásù gùn jù fún ni. Mo ti wá dàgbà, mo mọ̀ pé ibi tó jókòó sí lọ̀rọ̀ wà. Ojú fèrèsé. Ó gbọ́ ohùn inú ilé, afẹ́fẹ́ ìta sì ń fẹ́ sí i lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ọmọ wa tú, ohun tí gbogbo ènìyàn ń pariwo ni pé "Èṣù ni! Iṣẹ́ ọ̀tá ni!" Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Ṣé Èṣù ló mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tó fi ń ṣí àkáǹtì náà ni? Èṣù ń dẹ ènìyàn wò, mi ò jiyàn. Pétérù sọ pé bíi kìnnìún tó ń ké ramúramù ló ń rìn káàkiri. Ṣùgbọ́n kí a lè ṣọ́ra ló ṣe sọ fún wa, kì í ṣe kí a lè rí ẹni di ẹ̀bi lé lórí. Ẹ̀ ń fi gbogbo òru lé àjẹ́ ilé bàbá yín, fóònù tó ń gba owó lọ́wọ́ yín sì wà nínú àpò ṣòkòtò yín, ó ń gbọ̀n láàárín àdúrà, ẹ tún ń yọ ọ́ wò bóyá tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ ti gé! Mo ti fi ojú mi rí i. Mi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì kábàámọ̀ pé mi ò sọ̀rọ̀.

Aláró ni ìyá tó bí mi. Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń gbọ́ pé Òṣogbo jẹ́ ìlú aró, tí ẹ kò sì rí ìkòkò aró rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ewé èlú ni wọn yóò gún, wọn yóò ṣù ú, wọn yóò sá a kó gbẹ. Wọn yóò da omi sórí eérú nínú ìkòkò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀, omi eérú náà yóò máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Inú omi yẹn ni èlú yóò wà fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìyá mi a máa dìde lóru lọ gbóòórùn rẹ̀. Ó tún máa ń fi ahọ́n kan án. Bó bá ti wá tó, yóò ri aṣọ funfun bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí aṣọ yẹn bá jáde nígbà àkọ́kọ́, kò dúdú. Ó máa ń dà bí ewé tútù lójú, ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, àwọ̀ náà kò sì ní ju ti òfuurufú àárọ̀ lọ. Bí aṣọ bá lè sọ̀rọ̀ lásìkò yẹn, yóò ní funfun lòun ṣì wà. Ìyá mi yóò tún rì í. Yóò sá a. Yóò tún rì í. Ìgbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bí ẹ bá gbé aṣọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ẹ ò ní mọ èyí tó dúdú jù nínú méjèèjì.

Èékánná ìyá mi kò funfun mọ́ títí a fi sin ín.

Nígbà tí ọmọ yẹn ta tẹ́tẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì àkọ́kọ́, mo mọ̀ pé ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, kò rí nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó ti ní lọ́kàn pé "n ó dá a padà." Ọ̀rọ̀ yẹn! Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ń bà mí ju ẹ̀rù ìbọn lọ, torí ó ti ẹnu èmi náà jáde rí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí ní 1974. Mo ń ṣe akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò kan ní ọ̀nà ibùdó rélùwéè. Tẹ́tẹ́ púùlù ló gbòde nígbà náà. Ìwé ni wọ́n fi ń ta á. Ènìyàn yóò máa fa ìlà sí nọ́ńbà bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó tó rò pé yóò di ọ̀mì, yóò fi ìwé náà sílẹ̀ kí Sátidé tó dé, yóò sì jókòó ti rédíò ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kó lè gbọ́ èsì. Bí àwọn ará Ìlú Ọba bá lọ sinmi, wọn yóò gbé bọ́ọ̀lù Ọsirélíà wá, kí tẹ́tẹ́ má ṣáà sinmi. Ọwọ́ mi ni ẹgbẹ́ wa ń kó owó ìkórè sí. Owó náà jẹ́ náírà méjìlá. Ẹ má fojú kéré rẹ̀, náírà kò tíì ju ọdún kan ó lé lọ nígbà náà, ó ní iyì. Mo mú méjì. Mo ní n ó dá a padà ní Sátidé. Mo mú mẹ́ta láti fi wá méjì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ fi tán. Mo sì ń dìde kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi o! Mo tilẹ̀ ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà di ọ̀mì. Mo ṣì rántí àdúrà yẹn títí di òní, ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí.

Bàbá akápò ìjọ wá sí yàrá mi ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan. Ó ní kí n gbé owó wá ká jọ kà á, torí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ní kọ́kọ́rọ́ àpótí ti sọnù. Ó ní, "Kò burú, n ó dúró dè ọ́ títí wàá fi rí i." Ó jókòó. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ń tú ibùsùn, mo ń tú àpò, mo ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú àpò mi. Nígbà tí òróró fìtílà fẹ́ tán, mo wólẹ̀.

Kò pariwo lé mi lórí. Ó ní n ó máa san náírà kan lọ́sẹ̀, òun yóò sì máa wá gbà á ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹ gbọ́ aago tó mú. Aago tí wọ́n máa ń ka èsì púùlù lórí rédíò gan-an ni. Ní gbogbo Sátidé, bí aago yẹn bá ti lù, bàbá ti wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Bíbélì rẹ̀ lórí itan. Rédíò wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tan án. Sátidé kejìlá pé, owó pé. Ní Sátidé kẹtàlá, mo tún gbọ́ "àgò" lẹ́nu ọ̀nà.

Ta ló lọ jókòó ti ọmọ wa? Kò sí. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, mi ò lọ. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń pọ́n láàárọ̀, mo ní bóyá ó kàwé mọ́jú. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, mo mọ̀ pé ẹ óò ka èyí: kí ló dé tí a fi kó owó ìjọ sí àpò ọmọ kan ṣoṣo, tí a ń pè é ní ìgbẹ́kẹ̀lé? Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kó ọrẹ lọ fún àwọn ènìyàn mímọ́, ó mú àwọn mìíràn mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn. Ó wà nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 8. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọ kì í fi ọmọ náà nìkan sílẹ̀ ti owó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gbà kí wọ́n kó owó ẹgbẹ́ sínú àkáǹtì yín. Bí wọ́n bá bínú, kí wọ́n bínú.

Bàbá mi wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ rìn láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà ní 1930, nígbà tí Ọlọ́run ń lo wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá nínú ìsọjí ní Òkè-Ooye. Ó kó oògùn rẹ̀ dání lọ, kò kó o padà bọ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé ọjọ́ kan lòun fi kó oògùn dànù, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ lòun ń bá ojú òun jà. Nígbà tí wòlíì náà sùn nínú Olúwa ní Ẹdẹ ní 1959, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Bàbá mi sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Síbẹ̀, ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó ti wà lórí ẹní rẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Kì í pariwo. Yóò máa ka ohun tó ṣe lánàá fún Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èrè tó jẹ lórí ọjà àti ẹni tó wò ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gbìyànjú èyí fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó wá béèrè àdúrà ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Jósẹ́fù kò dúró gbàdúrà níwájú aya Pọ́tífárì. Ó fi aṣọ sílẹ̀, ó sá. Bí o bá mọ̀ pé ilé tí ẹ ti ń wo bọ́ọ̀lù kò jìnnà sí ilé tẹ́tẹ́, má sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù nìkan lo lọ wò. Pa ohun tẹ́tẹ́ rẹ́ lórí fóònù náà. Fi fóònù sílẹ̀ ní pálọ̀ bí o bá fẹ́ sùn. Ẹ̀yin ọmọbìnrin mi, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Mo mọ ẹni tó ń yá owó lórí fóònù láti fi ra aṣọ ẹbí, tó ń yá òmíràn láti fi san ti àkọ́kọ́. Ìkòkò aró kan náà ni. Bó bá sì ti wọ̀ ọ́ lára, sọ fún ènìyàn kan. Ẹnì kan ṣoṣo, tó lè wá jókòó.

Nígbà tí Eutiku já bọ́, Pọ́ọ̀lù dá ìwàásù dúró. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, ó dùbúlẹ̀ lé e, ó gbá a mọ́ra. Àwa kò sọ̀kalẹ̀. Òkè níbẹ̀ la wà tí a ti ń ṣàlàyé bó ṣe ṣubú.

Ìwọ ọmọ mi tí mi ò dárúkọ, bí ẹnikẹ́ni bá fi èyí hàn ọ́: ìyá rẹ kò tíì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti òru ọjọ́ tí o lọ. Wọ́n ṣì fi aṣọ bo dùùrù. Mo ti bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ nípa owó náà, a óò jọ wá ọ̀nà tí wàá máa gbà san án díẹ̀díẹ̀. O mọ ilé mi. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo ti gbé àga kejì síta.

Èmi ni bàbá yín,
ní Òṣogbo.