Owó gèlè Ojúde Ọba kan ti tó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Orù-Ìjẹ̀bú ni mí, mo sì wà ní ọdún kẹrin ní yunifásítì, níbi tí mo ti ń kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí. Ọ̀rọ̀ mi kan gààrí, ó sì kan aṣọ. Ẹ ní sùúrù fún mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Báyọ́lọ́jì lòun náà ń kà. Nígbà tí wọ́n gba ọlidé, ó wọ ètò kan tí wọ́n ń pè ní REU. Àjọ National Science Foundation tí ìjọba wọn dá sílẹ̀ ló ti ń náwó sí i láti 1987. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè yóò bá ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ìwádìí gidi nínú láàbù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọn yóò sì sanwó fún un. Àwọn eṣinṣin kéékèèké tí ń bà lé èso tó ti rà ni wọ́n ní kí tiwa máa sìn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, gbogbo eṣinṣin tó sìn ló kú. Wọ́n sì sanwó ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un! Ìyẹn gan-an ló jọ mí lójú.

Mo sáré wá fọ́ọ̀mù rẹ̀ lórí fóònù. Ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú wọn nìkan ni wọ́n ń fún lówó yẹn. N kò bínú, owó orí wọn ni wọ́n ń ná.

Àwa náà ní IT, ìyẹn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́ fún oṣù díẹ̀. Láti 1973 ni SIWES, ètò ìjọba tó wà fún un, ti wà, ètò tó dáa ni. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ṣe tèmi fún oṣù mẹ́fà (n kò ní dárúkọ wọn), ìgò ni mò ń fọ̀, tí mò ń ra ìrẹsì fún àwọn ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fọwọ́ kan maikirosikópù. Ìgbà kan nínú méjèèjì, mò ń nù ún ni.

Nígbà tí a gba ọlidé gígùn, mo lọ bá olùkọ́ mi kan pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa tẹ̀lé wọn ní láàbù. Wọ́n ní kò sówó o. Mo ní kò burú. Wọ́n wá bi mí pé, "Kí lo fẹ́ mọ̀?" Láti ọjọ́ tí mo ti wọ yunifásítì, ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò gbágùúdá ìyá mi àgbà.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé gààrí Ìjẹ̀bú kì í yára. Bí wọ́n bá ti lọ gbágùúdá tán, ó máa ń lò tó ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú àpò kí wọ́n tó kù ú, kí wọ́n tó yan án. Láti 1959 ni Collard àti Levi ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé ipele méjì ni kíkan gbágùúdá ń gbà, tí ọ̀wọ́ kòkòrò kan yóò ṣe tirẹ̀ kí òmíràn tó gbà á. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn fi hàn pé àwọn lactic acid bacteria, irú èyí tó ń mú wàrà kan, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ti májèlé sáyánáídì inú gbágùúdá, lílọ̀ ló ń tú u sílẹ̀, omi tí wọ́n fún jáde àti iná àgbadà ló sì ń gbé e lọ.

Láràárọ̀ ni mò ń bu gbágùúdá sínú ìgò, tí mò ń gun ọ̀kadà lọ sí láàbù. Mítà pH, tó ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó (bó bá ṣe ń kan sí i ni nọ́ńbà rẹ̀ ń kéré sí i), a máa sọ̀ kalẹ̀ láti nǹkan bí 6 títí dé nǹkan bí 4. Ìyá mi àgbà a máa wò mí, wọn a ṣí ẹnu àpò, wọn a gbóòórùn rẹ̀, wọn a ní, "Kò tíì kan. Ó di ọ̀la." Bó bá di ọ̀la lóòótọ́, mítà kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí imú wọn sọ sínú ìwé nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mítà sọ. Olùkọ́ mi rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má pa á rẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, iná lọ fún ọjọ́ méjì, gbogbo kòkòrò tí mo gbìn sórí ágà (oúnjẹ dídì tí wọ́n ń fi sin wọ́n ní láàbù) bàjẹ́. Mo fowó ara mi ra epo jẹnẹrétọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ágà tán, owó ọ̀kadà náà tán. Mo padà sílé.

Ẹ̀yin rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọjọ́ orí Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé yìí. N kò ní kí ẹ má múra o. Ìyá mi wà nínú ọ̀kan, èmi náà sì máa ń lọ wòran yín ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwọn ẹṣin yẹn dára! Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo fi gèlè sílẹ̀ lọ́dún kan, kí wọ́n wé ti èṣí, kí wọ́n fi owó rẹ̀ gbọ́ bùkátà akẹ́kọ̀ọ́ méjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá: ágà, epo, owó ọkọ̀, oúnjẹ ọ̀sán. Awùjalẹ̀ wa, Ọba Adétọ̀nà tó wàjà ní 2025, dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n kan sílẹ̀ ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè lórí ètò ìṣèjọba, nítorí náà kì í ṣe nǹkan tí ojú Ìjẹ̀bú kò rí rí. Ẹ má wá ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá bá sì pé, kí wọ́n wá fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí, níwájú àwọn ìyá tó ń yan gààrí.

Tèmi kò tíì parí. Ìgò mẹ́rìnlá ṣì wà nínú fìríìsà ìyá mi àgbà, láàárín ẹja. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé bí Iléyá bá fi lè dé bá a níbẹ̀, àwọn yóò kó o síta, ẹran làwọn yóò kó síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ onígààrí,
Orù-Ìjẹ̀bú.