Títílayọ̀, nípa ìwé kọ́ọ̀tù tí wọ́n mú wá fún ọ

Oǹdó

Títílayọ̀ ọmọ mi,

Mo ti ka ìwé kọ́ọ̀tù tí o yà sórí WhatsApp, èyí tí ọkọ rẹ fi ń béèrè ìkọ̀sílẹ̀. Ìyá rẹ ní o ń sunkún nítorí wọ́n pè ọ́ ní olùjẹ́jọ́. Olùjẹ́jọ́ kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹni tó kọ́kọ́ dé kọ́ọ̀tù ni olùpẹ̀jọ́, ẹnì kejì ló ń jẹ́jọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pé o kì í dáná, pé o kó ọmọ sá, ẹnu ọkọ rẹ nìyẹn. Adájọ́ ò tíì gbọ́ tìrẹ. Àmọ́ bí o bá dákẹ́, wọ́n lè gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ. Ọjọ́ tí wọ́n fún ọ láti fèsì wà nínú ìwé yẹn, wá a.

Mo gbọ́ pé bàbá rẹ àgbà l'Ákùúrẹ́ ní kí á dá owó orí padà, kí ọ̀rọ̀ parí ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, mi ò lè já wọn níyàn lójú. Bó bá jẹ́ ìdána nìkan la ṣe, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ìwọ àti ọkọ rẹ lọ sí rẹ́jísìrì, ẹ fọwọ́ síwèé. Òfin ọdún 1970 lórí ọ̀rọ̀ tọkọtaya ló de irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, Ilé-ẹjọ́ Gíga ló sì ń tú u. Bí a tilẹ̀ ka owó orí sílẹ̀ lójú gbogbo ẹbí, ìyàwó rẹ̀ ṣì ni ọ́ lójú òfin. Bí o bá lọ fẹ́ ẹlòmíì, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni òfin kọ sílẹ̀ fún un. Wọn kì í sábà fi ẹnikẹ́ni sí i, àmọ́ ta ló fẹ́ dán an wò?

Bí adájọ́ bá tú u ká, decree nisi, ìyẹn ìdájọ́ ìtúká àkọ́kọ́, ni wọ́n ń kọ́kọ́ fúnni. Kò tíì parí nígbà yẹn. Lẹ́yìn oṣù 3 ló tó ń di decree absolute, ìyẹn ìtúká pátápátá, tí kálukú á lè lọ fẹ́ ẹni tó wù ú. Bí tọkọtaya bá rẹ́ kó tó di absolute, adájọ́ lè fagi lé e. Mo rí irú rẹ̀ nígbà tí mo ń ṣe akọ̀wé kọ́ọ̀tù; ìyàwó náà gbé iyán wá fún wa lọ́fíìsì.

Ní ti àwọn ọmọ, ire wọn ni adájọ́ máa wò, kì í ṣe ẹni tó lówó jù. Ẹni tí wọn ò bá sí lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣì lè gba àyè láti máa rí wọn. Torí náà, bí bàbá wọn bá pè, jẹ́ kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Owó ìtọ́jú, béèrè rẹ̀ láìtijú.

Má búra sí àfidáfíìtì (ìwé ẹ̀rí tí a búra sí) kankan tí o kò tíì kà tán. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín ni lọ́yà máa kọ́kọ́ béèrè, mú un dání bí o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ